Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Gbọ̀ngàn Olórùlé Irin Tí Wọ́n Wó ní Pittsburgh

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ irin kan ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Ọmọ Kétu ni mí, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ irin jíjó láti ogún ọdún ó lé. Àbúrò mi tó ń kàwé ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n da ọ̀dà sí ni mo rí, ọkọ̀ tò síbẹ̀ lọ bí i ti ọjọ́ ọjà, ilé gogoro tuntun kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan wà níbẹ̀ rí, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin látòkè délẹ̀, tó ń ṣí sílẹ̀ bí ìpéǹpéjú, tí kò sì sí òpó kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti wó o. Èmi tí mo mọ bí irin ṣe wúwo tó, n kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ta ló kọ́ ọ? Báwo ni ó ṣe ń ṣí? Kí ló sì dé tí ìlú tó jẹ́ pé irin ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Gbọ̀ngàn tí àbúrò yín ń sọ ni Civic Arena, èyí tí àwọn ará Pittsburgh sọ lórúkọ Igloo, nítorí pé ó rí ribiti bí ilé yìnyín tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ òtútù máa ń kọ́. Oṣù September ọdún 1961 ni wọ́n ṣí i, oṣù September ọdún 2011 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó o, àádọ́ta ọdún géérégé. Kí ọdún 2012 tó parí, ilẹ̀ ibẹ̀ ti tẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti òrùlé, nítorí pé òun ni kò jẹ́ kí ẹ sùn. Láti etí kan dé èkejì, ó fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 127, bẹ́ẹ̀ mítà 105 péré ni gígùn pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń lò fún ìdíje àgbáyé. Irin tó wọ inú rẹ̀ tó 2,950 tọ́ọ̀nù, irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n sì fi bo ojú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí oòrùn bá là, ó máa ń kọ mànà láti òkèèrè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣí, ẹ mú ọsàn kan, ẹ là á sí méjì, ẹ da ojú ìdajì kan délẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ wá gé e láti ṣóńṣó orí wá sí ìsàlẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́jọ, láìjẹ́ kí ó tú ká. Méjì nínú mẹ́jọ náà kì í kúrò lójú kan. Mẹ́fà yòókù ni ó ń rìn: ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lórí àwọn kẹ̀kẹ́ irin tó ń yí lórí ojú irin bí i ti rélùwéè, ṣóńṣó wọn sì so mọ́ ojú kan ṣoṣo lókè téńté. Bí ẹ̀rọ bá ti gbéra, mẹ́ta á rọra yí wọ abẹ́ èyí tó dúró lápá kan, mẹ́ta á yí wọ abẹ́ èyí tó dúró lápá kejì, títí ojú ọ̀run yóò fi hàn gbangba lórí àwọn tó jókòó sísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ tó fún un láti ṣe gbogbo èyí.

Ohun tí yóò máa rú oníṣẹ́ bí i tiyín lójú ni ohun tó di ṣóńṣó náà mú nígbà tí kò sí òpó nínú ilé. Ìta ni wọ́n gbé òpó rẹ̀ sí. Apá irin kan, tí ó gùn tó nǹkan bí mítà 79, ta gbòǹgbò sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó gòkè, ó sì tẹ̀ kọjá lórí òrùlé bí ọrùn lékèélékèé, títí ó fi dé ojú àárín gan-an, níbi tí ó ti di àwọn abala òrùlé náà mú láti òkè. Gbogbo ẹrù tí ẹ̀yin ì bá pín fún òpó mẹ́wàá nínú ilé, ọrùn yìí ni wọ́n gbé e lé. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, kò sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá ńlá mìíràn láyé tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí tó sì ń padé bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù July ọdún 1962, nígbà tí òṣèré Carol Burnett wà lórí ìtàgé, wọ́n ṣí òrùlé lé àwọn òǹwòran lórí, obìnrin náà sì nawọ́ sókè, ó fi ojú ọ̀run hàn wọ́n bí ìgbà tí ènìyàn ń fi àlejò pàtàkì han ará ilé.

Òjò ni ó bí òrùlé náà. Oníṣòwò ńlá kan wà ní Pittsburgh tó ń jẹ́ Edgar Kaufmann, tó ní ilé ìtajà alájà púpọ̀ láàárín ìlú, tó sì fẹ́ràn eré olórin tí ẹgbẹ́ kan ń ṣe níta gbangba ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ìta ni eré náà dùn sí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni òjò ń tú u ká. Kaufmann bá ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là fún kíkọ́ ibi tí ènìyàn yóò ti máa rí ìràwọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára, tí òrùlé yóò sì bò ó bí òjò bá ṣú. Àwọn ayàwòrán ilé Mitchell àti Ritchey ni ó ya àwòrán rẹ̀. Àwọn olórin tí wọ́n torí wọn kọ́ ọ kò sì pẹ́ níbẹ̀ rárá, nítorí pé ohùn kì í dún dáadáa lábẹ́ irin tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wá ibòmíràn lọ.

Bí ó ṣe di ilé eré ìdárayá nìyẹn. Ní ọdún 1967, ẹgbẹ́ Penguins, tó ń gbá họ́kì orí yìnyín, fi ibẹ̀ ṣe ilé, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 2010. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Stanley láàárín àkókò yẹn, ní 1991, 1992 àti 2009. Ẹgbẹ́ Pipers, tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, tí Connie Hawkins jẹ́ ìràwọ̀ wọn, gba ife-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ ti líìgì ABA ní 1968, ibẹ̀ náà sì ni ilé wọn. Àwọn àgbà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí yóò fẹ́ mọ̀ pé ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù January ọdún 1963, Cassius Clay, ẹni tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Muhammad Ali, lu Charlie Powell bolẹ̀ ní abala kẹta nínú gbọ̀ngàn yìí, ọdún kan kí ó tó di akọni àgbáyé.

Bí a bá dúró síbi irin àti ife-ẹ̀yẹ, a kò tíì dá yín lóhùn. Ẹ béèrè pé kí ló dé tí ìlú kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wó nǹkan lórí ilẹ̀ náà, ti àkọ́kọ́ ni ó sì bí ti ìkejì. Kí gbọ̀ngàn tó débẹ̀, àdúgbò kan wà lórí òkè yẹn.

Hill District ni wọ́n ń pe òkè náà, Lower Hill ni apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó kángun sí àárín ìlú. Àwọn Júù, àwọn ará Ítálì, àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánónì ti gbé ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń lọ, àwọn adúláwọ̀ tó ń ti gúúsù Amẹ́ríkà wá ṣiṣẹ́ ní àwọn ìléru irin ni ó wá pọ̀ jù níbẹ̀. Òpópónà Wylie ni ọkàn àdúgbò náà. Ibẹ̀ ni àwọn onígbàjámọ̀ àti aránṣọ wà, àwọn ilé oúnjẹ, ilé jáàsì tí olórin ńlá kì í fẹ́ kọjá láìwọ̀, àti ṣọ́ọ̀ṣì Bethel A.M.E., ìjọ adúláwọ̀ tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1808. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ti gbó, àwọn onílé tí kì í gbé ibẹ̀ kò sì tún wọn ṣe. A kò ní torí pé inú ń bí wa kí á sọ pé ààfin ni gbogbo wọn.

Pittsburgh ìgbà náà, èéfín ìléru ti mú un dúdú débi pé wọ́n ń tan iná òpópónà lọ́sàn-án gangan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, David Lawrence, tó jẹ́ olórí ìlú láti 1946 dé 1959, ohun tí àwa ní Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní mẹ́ẹ̀rì, pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn olówó bí i Richard King Mellon láti sọ ìlú náà di ọ̀tun. Wọ́n ṣẹ́gun èéfín, a sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin ilé gbígbé ti ọdún 1949 mú owó ìjọba àpapọ̀ wá fún wíwó àdúgbò tí wọ́n bá pè ní èyí tó ti bàjẹ́, Lower Hill ni wọ́n nàka sí. Ní ọdún 1956, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nǹkan bí ẹ́kítà 38 ilẹ̀ ni wọ́n gbá mọ́lẹ̀: nǹkan bí 1,300 ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ibi òwò tó ju 400 lọ, àti ènìyàn tó lé ní 8,000 tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì Bethel ní 1957. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Epiphany, tó wà nítòsí ibẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ó ṣì dúró títí di òní olónìí, ìyẹn sì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ìjọ Bethel kò gbàgbé.

Ìlérí tí wọ́n ṣe fún àwọn ènìyàn ni pé gbọ̀ngàn náà yóò jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ilé orin ńlá ń bọ̀, ilé àwòrán ń bọ̀, ilé gbígbé ń bọ̀. Yàtọ̀ sí ilé gogoro díẹ̀ fún àwọn tó lówó, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ó dé. Wọ́n sì la òpópónà ńlá kan sí àárín òkè àti àárín ìlú, tó fi jẹ́ pé àwọn tó kù lórí òkè di ẹni tí kòtò yà sọ́tọ̀. Ní oṣù October 1961, nígbà tí gbọ̀ngàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, àwọn adúláwọ̀ ti wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, tí wọ́n ń béèrè pé kí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ níbi tí ilé wọn wà rí.

Ẹ̀yin jó irin, ẹ sì mọ̀ pé bí ìsàlẹ̀ kò bá dúró déédéé, bó ti wù kí ojú ìjórin mọ́ tó, nǹkan náà yóò mì ni. Nígbà tí àkókò dé láti gba gbọ̀ngàn náà sílẹ̀ ní 2010, ó ṣòro láti rí ọmọ Hill District tí yóò sọkún nítorí rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ilé ẹlẹ́wà ń jà fún irin. Àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ ń rántí ilé ìyá wọn.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́

Olóòtú mi, mo bá yín ka lẹ́tà oníṣẹ́ irin yẹn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí pé ọ̀dọ̀ yín ni mo wà lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mí wọra. Ní ìlú wa níbí, a kò wó ààfin Ọba Toffa. Honmè di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ wò ó títí di òní. Kí ni kò jẹ́ kí àwọn ará Pittsburgh ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbọ̀ngàn wọn?

Ìdáhùn

Bàbá, àwọn kan gbìyànjú rẹ̀. Àwọn olùfẹ́ ilé àtijọ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n ya àwòrán bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ di ọgbà, tàbí ọjà, tàbí ibi ìpàdé, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ohun tó borí wọn ni àdéhùn tí wọ́n ti ṣe ní 2007. Ẹgbẹ́ Penguins ti sọ pé àwọn yóò kó kúrò nílùú bí wọn kò bá rí gbọ̀ngàn tuntun. Ìlú sì bẹ̀rù, nítorí pé ìléru irin tó ń bọ́ wọn ti kú ní àwọn ọdún 1980, iye ènìyàn ìlú tó lé ní 676,000 ní 1950 sì ti ń sá lọ sí nǹkan bí 300,000. Ìlú tó ti pàdánù tó bẹ́ẹ̀ kò ní lè fi ẹgbẹ́ kan tó kù fún un ṣeré. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tuntun sí òdìkejì òpópónà, wọ́n ṣí i ní 2010, wọ́n sì fún Penguins ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ nǹkan sórí ilẹ̀ tí gbọ̀ngàn àtijọ́ wà. Láti ìgbà náà, òrùlé Kaufmann di ohun tó dí ọ̀nà.

Ìdí mìíràn tún wà, èyí tí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ irin náà kì í fẹ́ gbọ́. Ní àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn ayé gbọ̀ngàn náà, wọn kì í ṣí òrùlé rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fi ìjókòó kún un, wọ́n ti gbé pátákó ayò ńlá kọ́ sí i lábẹ́, ẹ̀rọ tó ń yí i ń béèrè owó àtúnṣe, eré họ́kì sì fẹ́ òtútù inú ilé ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Ohun tó sọ ọ́ di àrà ti dúró gbagidi. Ààfin Honmè, ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ kò kúrò: ìdílé ọba wà, ìtàn wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, àwọn tó bí wọn sí àdúgbò yẹn ṣì yí i ká. Gbọ̀ngàn Pittsburgh kò ní ará àdúgbò. Wọ́n ti lé wọn lọ kí wọ́n tó fi òkúta àkọ́kọ́ rẹ̀ lélẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ó sì yí i ká fún àádọ́ta ọdún. Mo gbà gbọ́ pé bó bá jẹ́ pé ọmọdé mẹ́wàá ń gbé ní ogún ìṣísẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n ń fi òjìji òrùlé rẹ̀ ṣeré lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ náà ì bá yàtọ̀.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ jọ̀wọ́ sà, àwọn ènìyàn 8,000 yẹn, ṣé wọ́n san owó ilé wọn fún wọn? Níbo ni wọ́n lọ?

Ìdáhùn

Ẹni tó ni ilé gba owó ilé. Ṣùgbọ́n ayálégbé ni ó pọ̀ jù ní Lower Hill, ayálégbé kò sì ní ilé tí wọn yóò ka owó rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Aṣọ́bù tó yá ìsọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń gẹrun fún ènìyàn, ìyá tó ń se oúnjẹ tà, ohun tí wọ́n ní gan-an ni oníbàárà, oníbàárà sì ti tú ká lójú wọn. Àwọn kan gòkè lọ sí ilé ìjọba ní apá òkè Hill, àwọn kan lọ sí Homewood àti East Liberty, àwọn àdúgbò mìíràn nílùú náà. Àwọn tó lọ kì í sábà bá aládùúgbò wọn àtijọ́ pàdé mọ́.

Ẹ má rò pé wọ́n dákẹ́. Nígbà tí ìlú tún fẹ́ wó síwájú sí i lọ sókè, àwọn ará Hill gbé pátákó ńlá kan dúró ní ìkóríta òpópónà Centre àti òpópónà Crawford, wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé wíwó kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀, àti pé ilé tí àwọn tálákà lè gbé ni àwọn ń béèrè. Wíwó náà dúró níbẹ̀ lóòótọ́. Freedom Corner ni wọ́n ń pe ìkóríta náà títí di òní, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀ ti máa ń péjọ kí wọ́n tó gbéra ìwọ́de. Ohun tó tún gba ìrántí wọn là ni iṣẹ́ ayàwòrán kan, Charles Harris, tí wọ́n ń pè ní Teenie, tó ń ya àwòrán fún ìwé ìròyìn Pittsburgh Courier. Ó ya ìgbéyàwó, ó ya ọmọ tó ń jẹ suwíìtì lẹ́nu ọ̀nà, ó ya onígbàjámọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ya àwọn tó di pátákó mú níwájú gbọ̀ngàn. Àwòrán tó fi sílẹ̀ lé ní 70,000, ilé àwòrán Carnegie ní ìlú náà ni ó sì ń tọ́jú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan gidi ní Lower Hill kí wọ́n tó wó o, ìyẹn ni ẹ̀rí.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Wàǹdò, Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, ìran Kétu ni bàbá mi, ó sì máa ń sọ fún wa pé wọ́n kó ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́rú nígbà tí Dàhómì fọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n wọ́n padà sílé. Àwọn ará òkè tí ẹ ń sọ yìí, kí ló dé tí wọn kò padà?

Ìdáhùn

Ìyá mi, ẹ kú ìrántí o. Ọ̀rọ̀ yín gún mi lọ́kàn, mo sì rò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó kọ èyí.

Ní ọdún 1886, ogun Dàhómì fọ́ Kétu, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Àgbómẹ̀. Nígbà tí agbára Dàhómì wó, àwọn tó kù padà ní 1894, wọ́n tún ìlú tẹ̀dó, wọ́n fi Alákétu jẹ, Àkàbà Ìdènà sì wà níbẹ̀ títí di òní kí ẹnikẹ́ni fojú rí i. Ìlú jóná, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó padà bá ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lábẹ́ koríko, ó ṣán an, ó sì kọ́lé.

Ní Pittsburgh, kò sí ogun, iná kò sì jó. Ìwé ni wọ́n fi gba ilẹ̀. Orúkọ ìjọba ni ilẹ̀ náà wá ń jẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀tọ́ láti kọ́lé sí i bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ eléré ìdárayá. Àwọn òpópónà kéékèèké tí ènìyàn ì bá fi mọ ojú ilé, wọ́n pa wọ́n rẹ́, wọ́n sì da ọ̀dà lé wọn. Ẹni tó bá padà wá lónìí kò ní rí kùkùté kan tí yóò fi mọ̀ pé ibí ni ìdáná ìyá mi wà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn, ó sì kó mi láyà jẹ, nítorí pé a sábà máa ń rò pé ogun nìkan ni ó ń pa ìlú run.

Nǹkan díẹ̀ ti ń yí padà. Ní 2021, wọ́n ṣí ọgbà kan tí wọ́n kọ́ sórí òpópónà tó gé òkè kúrò lára ìlú, wọ́n sì fi orúkọ Frankie Pace sọ ọ́, obìnrin kan tó bá àwọn ará Hill jà fún àdúgbò wọn. Ní 2023, Penguins àti ìjọ Bethel fẹnu kò pé ilẹ̀ tó ju ààbọ̀ ẹ́kítà lọ díẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ ìjọ náà, nítòsí ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà rí. Ọdún 66 lẹ́yìn tí wọ́n wó o nìyẹn. Ilé gogoro tí oníṣẹ́ irin wa rí nínú àwòrán, ilé báǹkì ni, ọdún 2024 ni wọ́n parí rẹ̀.

Ẹ kú ìmọ̀lára, ìyá. Bí ẹ bá rántí orúkọ agbo ilé tí wọ́n ti kó ìyá ìyá bàbá yín ní Kétu, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, pẹ̀lú oríkì rẹ̀.

Àfikún kan fún oníṣẹ́ irin wa

Ẹ tún kọ̀wé sí wa lẹ́yìn náà, ẹ ní àbúrò yín ń béèrè bóyá ó ku ohun kan tí òun lè fojú rí níbẹ̀. Apá irin tó dà bí ọrùn lékèélékèé ti lọ, òrùlé ti lọ, àwọn ìjókòó ni wọ́n tà fún àwọn tó fẹ́ fi wọ́n ṣe ìrántí. Ẹ sọ fún un pé kí ó gun òkè lọ sí ìkóríta Centre àti Crawford lọ́wọ́ àárọ̀, kí ó kọjú sí àárín ìlú. Gbọ̀ngàn tuntun yóò wà ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó ń dagẹrẹ lọ títí dé ọgbà Frankie Pace, ibẹ̀ ni òrùlé náà wà. Abẹ́ rẹ̀ sì ni òpópónà Wylie gbà kọjá kí wọ́n tó gé e, pẹ̀lú àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní apá méjèèjì.